Eegun Tí Kò Sí Lọ́fun Ajá

Mo pa irọ́ kan. Mo ní ajá wa wà lọ́dọ̀ ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì fákitírì wa, pé ó ń jẹun, ó ń sanra. Ajá ti kú. Èmi fúnra mi ni mo gbé òkú rẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ńtì tí mo lọ rì í mọ́lẹ̀ nínú ilé àkọ́tì kan lẹ́yìn àdúgbò wa ní Ọ̀tà. Nítorí irọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò ṣe sí láyé mọ́.

Àwọn tó wá kí wa ní kádàrá ni. Wọ́n ní, "Ta ló lè mọ̀?" Wọn ò mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ni. Èmi lè mọ̀. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́, etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ.

Mi ò kàwé lọ títí. Kíláàsì kẹta ní girama ni mo dé kí n tó wọ iṣẹ́, nítorí náà bó ṣe ṣẹlẹ̀ náà ni mo máa sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi. Ìyá wa kú nígbà tí mo ṣì kéré, àwọn ló gbà mí sọ́dọ̀, àǹtí mi ni mo sì ń pè wọ́n títí wọ́n fi kú. Tẹ́lọ̀ ni wọ́n, yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé ni wọ́n ń rán jù, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí títì. Ọkọ wọn bá iṣẹ́ lọ sí Kòtónù, ó sì bá ibẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin kan ló fi sílẹ̀ fún wọn. Àwa mẹ́ta là ń gbé yàrá méjì.

Fákitírì ike ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní apá Ṣàngó. Kọ́ọ̀pù, bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìdérí kúlà, àwọn nǹkan báyẹn là ń tẹ̀. Ajá kan bímọ sẹ́yìn òkìtì ike fífọ́ níbẹ̀. Mo sọ ọ́ nílé, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí láràárọ̀ àti lálẹ́. Lọ́jọ́ kan mo gbé ọ̀kan sínú báàgì oúnjẹ mi, mo gbé e wálé.

"Kí lèyí?" ni àǹtí mi bèèrè.

"Ajá ni, àǹtí mi."

"Mo rí i pé kì í ṣe ewúrẹ́. Ta ní kó wá?"

"Ọmọ yín ní òun ń fẹ́ ajá."

"Ọmọ mi ní òun ń fẹ́ bàálù náà. Ṣé fákitírì yín lo ti máa gbé ìyẹn náà wá?"

Mùsùlùmí ni wá, àǹtí mi kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìrun ṣeré. Ajá ò lè wọ ilé tí wọ́n ti ń forí balẹ̀ fún Ọlọ́run. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọjá ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi lẹ́yìn ilé, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi abọ́ ilé bọ́ ọ. Ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wọ́, tí wọ́n kọ̀ ní ibi iṣẹ́, ni mo mú wá. Ọmọ náà sọ ọ́ di abọ́ ajá. Ó sọ ajá lórúkọ. Orúkọ yẹn kò ṣeé kọ fún mi.

Ó pẹ́ díẹ̀, ajá ìgboro kan gba ẹ̀yìn ilé kọjá, ó gé ajá wa jẹ ní etí. Egbò kékeré ni. Mo fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó ti dúdú pa á, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe fún ajá, egbò sì jiná. Mo gbàgbé rẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà tí ajá fi dédé dákẹ́. Ó wọ abẹ́ táǹkì lọ, kò jáde pàdé ọmọ náà mọ́. Àgbọ̀n rẹ̀ ìsàlẹ̀ já wálẹ̀, itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀, ó ń gbìyànjú láti gbé nǹkan mì, kò rí i gbé mì.

Gbogbo wa la mọ dìgbòlugi. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi dẹ́rù bà wá: ajá tó ń sáré kiri, tó ń hó lẹ́nu, tó ń gé igi àti òkúta jẹ, tí gbogbo àdúgbò á máa tìlẹ̀kùn nítorí rẹ̀. Tiwa kò sáré. Kò gbó. Ó kàn ń wò wá bí ọmọ tí inú ń run. Panla la jẹ lọ́jọ́ tó ṣáájú, nítorí náà mo ní, "Eegun ló há a lọ́fun." Àǹtí mi náà ní bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Ọmọ náà ti ń sunkún.

Mo di orí ajá mú, mo gbìyànjú láti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìka mi tóbi, iṣẹ́ ike ti sọ wọ́n di igi.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ọ́. Ọwọ́ yín kéré."

"Èmi? Ọwọ́ tí mo fi ń ṣe àlùwàlá?"

"Ẹ máa fọ̀ ọ́."

Wọ́n wo ọmọ wọn. Wọ́n ká apá bùbá wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọlọ́run, o rí i pé ọmọ yìí ló kó bá mi o." Wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu dé ọ̀fun. Wọn ò rí eegun kankan. Bí wọ́n ṣe ń yọ ọwọ́ ni ajá pa ẹnu dé. Kò tilẹ̀ le. Ojú eyín méjì péré, láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, lọ́wọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi ń di sísọ́ọ̀sì mú.

Wọ́n fọ ọwọ́ náà bí ẹ̀sìn ṣe ní kí á fọ ohun tí ajá bá fẹnu kàn: ìgbà méje, wọ́n fi erùpẹ̀ fọ ti àkọ́kọ́. Wọ́n tún fi ọṣẹ sí i. Ọkàn wọn balẹ̀ nítorí ìyẹn, tèmi náà balẹ̀. Lójú wa, ohun tí ajá fi síbẹ̀ ti bá omi lọ.

Èmi ni mo sìn wọ́n lọ sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn àdúgbò. Nọ́ọ̀sì náà yìn wọ́n pé wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó bèèrè bóyá ajá ti gba abẹ́rẹ́ rí. A ní rárá. Ó bèèrè bóyá ara rẹ̀ dá. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní ara rẹ̀ dá, eegun ló há a lọ́fun.

"Abẹ́rẹ́ ajá ò sí níbí," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ lọ sí ọsibítù ńlá, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ so ajá náà mọ́lẹ̀, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko. Tó bá kú, tó bá sá lọ, tó bá ṣe ohunkóhun tí kò yé yín, ẹ má dúró wẹ̀, ẹ má dúró jẹun. Ẹ máa sáré bọ̀."

"A gbọ́, mà," ni mo wí. Èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí sáà tuntun ni. Yúnífọ́ọ̀mù kún ṣọ́ọ̀bù dé òrùlé, àwọn ìyá ọmọ ń jà lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí mi ní bí àwọn bá ti kó ti ilé ìwé kan sílẹ̀ báyìí, àwọn á lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ti ibi iṣẹ́ òru dé láàárọ̀. Ilé dá wáí. Ọmọ ti lọ sílé ìwé, àǹtí mi ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ táǹkì. Ajá ti kú, ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, eèrà ti dé ibẹ̀.

Mi ò ní purọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì wá sí mi lọ́kàn. Ó wá, ó dúró, mo sì tì í kúrò. Mo sọ fún ara mi pé eegun ló pa á, pé ká ní mo ti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ni, kì bá má kú, pé ẹ̀bi mi ni. Ojú ọmọ náà ni mo ń rò, bí yóò ṣe ti ilé ìwé dé tí yóò máa pè é. Ohun tí mo ń sá fún nìyẹn: ẹkún ọmọ kékeré. Mo gbé àpò sìmẹ́ńtì.

Nígbà tí wọ́n dé lálẹ́, mo ní ọlọ́dẹ géètì wa bẹ̀ mí pé òun fẹ́ ajá, mo sì ti gbé e lọ fún un.

"Eegun ọ̀hún ńkọ́?" ni àǹtí mi bèèrè.

"Ó ti bì í jáde."

"Ó ti ń jẹun?"

"Ẹ̀bà tó jẹ lọ́sàn-án yìí, lébìrà mẹ́ta ò jẹ ẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an. Inú wọn dùn pé ajá ti kúrò nílé. Ọmọ náà bú sẹ́kún, mo sì ṣèlérí fún un pé màá mú un lọ wò ó. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti wọlé, àǹtí mi á bèèrè láìgbé ojú kúrò lára máṣíìnì wọn: "Ajá ńkọ́?" Màá ní, "Ó ń bẹ." "Kò ṣe nǹkan kan?" "Ó ń sanra ni." Nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá pé, wọ́n ní, "Alihamudulilahi. Nígbà tí ajá ti yá, kí ni mo tún ń gba abẹ́rẹ́ fún?" Mo ní òótọ́ ni.

Ó lé ní oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn tí ojú egbò tó ti jiná bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn. Wọ́n ní sísọ́ọ̀sì ni. Ó ń ta wọ́n bí èèrùn dé ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n fi àdí pa á. Ibà mú wọn, wọ́n lo oògùn ibà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí á pa fáànù, pé atẹ́gùn rẹ̀ ń fún àwọn lọ́rùn. Ooru mú débi pé ògiri ń làágùn, wọ́n sì ní kí á pa fáànù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ náà bu omi wá fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù nínú kọ́ọ̀pù aláwọ̀ búlúù, lára èyí tí àwa ń tẹ̀. Wọ́n gbé e dé ẹnu. Kó tó kan ètè, ọ̀fun wọn fún pọ̀, gbogbo ara wọn gbọ̀n, omi fò dànù. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Omi náà ti ń bá mi jà." Wọ́n tún gbé e. Lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ní ọsibítù ńlá, dókítà kan, ọ̀dọ́kùnrin, wò wọ́n, ó ní kí wọ́n bu omi wá. Bí àǹtí mi ṣe rí kọ́ọ̀pù lókèèrè, ọrùn wọn le. Dókítà gbé kọ́ọ̀pù náà pamọ́ kíá.

"Ṣé ajá kankan gé wọn jẹ láìpẹ́?"

Àǹtí mi ló dáhùn kí n tó lanu. Ohùn wọn ti há. "Ó gé mi jẹ, dókítà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ajá yẹn. Ara ajá yẹn le ju tèmi lọ. Ojoojúmọ́ ni àbúrò mi ń rí i." Wọ́n kọjú sí mi. "Sọ fún wọn."

"Ó ti kú," ni mo wí.

"Kí ló kú?"

"Ajá náà, àǹtí mi."

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ kẹta tó gé yín jẹ."

Mo ń retí kí wọ́n bú mi. Ẹnu àǹtí mi mú ju abẹ́rẹ́ wọn lọ, kò sí ohun tí wọn ò fi bú mi rí láyé. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń pa á dé, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ibọ̀wọ́ ẹlòmíì.

Dókítà mú mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Mo ní, "Ẹ fún wọn ní abẹ́rẹ́ náà báyìí, ẹ jọ̀ọ́." Ó ní abẹ́rẹ́ yẹn kì í lé ohun tó ti wọlé dé ìyẹ̀wù, ojú ọ̀nà ló ti máa ń dè é. Mo ní kò yé mi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, kò sì kánjú. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá àánú ni tàbí pé kò sí nǹkan mìíràn tó lè ṣe fún wa.

Ó ní fáírọ́ọ̀sì ló wà nínú itọ́ ajá náà, pé ó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Kò lè dá bímọ. Kò ní oúnjẹ, kò ní irinṣẹ́. Àfi kó wọ inú sẹ́ẹ̀lì, àwọn yàrá kéékèèké tí Ọlọ́run fi kọ́ ara wa, kó gbé àwòrán ara rẹ̀ síbẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì sì máa bá a tẹ irú rẹ̀ jáde.

Ibẹ̀ ló ti yé mi, ó sì yé mi ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ní fákitírì wa, irin tí à ń pè ní móòdù ló ń pinnu ohun tí máṣíìnì máa tẹ̀. Máṣíìnì kì í bèèrè ẹni tó gbé móòdù sí i. Bí ọ̀gá ò bá sí nílé, àwọn kan máa ń gbé móòdù oníbàárà tiwọn sí i, wọ́n á fi ike ọ̀gá àti iná ọ̀gá tẹ ọjà tí kì í ṣe ti ọ̀gá. Pí-pí là ń pè é. Èmi náà ti bá wọn gbé e rí. Ẹni tó bá mọ pí-pí ṣe kì í ṣe wọ̀bìà: á jẹ́ kí iṣẹ́ ọ̀gá máa lọ, kò ní jẹ́ kí máṣíìnì gbóná, kò ní jẹ́ kí ìró rẹ̀ yí padà. Alájẹkì tó bá ba máṣíìnì jẹ́ lọwọ́ máa ń tẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún dókítà. "Bó ṣe rí gan-an nìyẹn," ni ó wí. Ó ní ọ̀pọ̀ àìsàn máa ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á figbe ta, àwọn ọmọ ogun ara á gbọ́, wọ́n á sáré dé. Èyí kì í pariwo. Láti ojú egbò, ó máa ń wá ẹnu okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìmọ̀lára láti ìka lọ sí ọpọlọ. Ohun kan wà lára rẹ̀ tó bá ẹnu ọ̀nà okùn náà mu, bíi káàdì tí à ń fi hàn ní géètì, okùn á sì ṣílẹ̀kùn fún un bí ará ilé. Àwọn ọmọ ogun ara kì í fi bẹ́ẹ̀ dé inú okùn yẹn. Okùn náà ní ọ̀nà tó fi ń kó ẹrù tirẹ̀ gòkè, fáírọ́ọ̀sì á bá ẹrù wọlé, á jókòó jẹ́ẹ́. Díẹ̀díẹ̀, láti àtàǹpàkò dé ìgbọ̀nwọ́, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ejìká, dé ọ̀pá ẹ̀yìn.

Àǹtí mi ń rán yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n ń kírun, wọ́n ń bú mi pé mi ò fọ ife tíì mi, ó sì ń gun apá wọn lọ. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò mọ̀.

Dókítà ní bó bá dé ọpọlọ, á wá máa bí sí i lọ rẹpẹtẹ. Àwọn ọmọ ogun tó bá gbọ́ nígbà náà, ọpọlọ ò rọrùn fún wọn láti wọ̀, èyí tó bá sì ráyè wọ̀ ọ́, fáírọ́ọ̀sì máa ń mú kó kú síbẹ̀. Láti ọpọlọ ló tún ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí itọ́ ti ń sun, ọ̀fun á sì kọ omi, itọ́ á kún ẹnu. Ohun tí abẹ́rẹ́ ń ṣe ni pé ó ń fi ojú rẹ̀ han àwọn ọmọ ogun kó tó ráyè wọ inú okùn.

Mo bèèrè ohun kan ṣoṣo. "Lọ́jọ́ tí ajá kú ńkọ́? Ká ní a wá lọ́jọ́ yẹn."

Ó wo ilẹ̀. "Lọ́jọ́ yẹn, àyè ṣì wà."

Wọn ò pẹ́. Láàárín gìrì àti gìrì, ojú àǹtí mi máa ń mọ́lẹ̀ kedere, wọ́n á mọ gbogbo wa. Nínú ọ̀kan lára ìgbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kí n súnmọ́ àwọn, ṣùgbọ́n kí n má súnmọ́ jù.

"Ọmọ mi mọ̀ pé ajá ti kú?"

"Rárá, mà."

"Ìwọ ni kó o sọ fún un. Ìwọ fúnra rẹ. Má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò. Kó o sì sọ èyí tó kù mọ́ ọn." Wọ́n sinmi díẹ̀. "Má purọ́ fún ọmọ mi mọ́. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Bí mo ṣe dá nọ́ọ̀sì lóhùn lọ́jọ́sí náà ni mo ṣe dá wọn lóhùn.

Ètè wọn ti bó nítorí òùngbẹ nígbà tí wọ́n kú, ife omi sì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, níbi tí wọ́n gbé e pamọ́ sí fún wọn. Àwọn obìnrin tó wẹ̀ wọ́n wọ ibọ̀wọ́ rọ́bà. A sin wọ́n lọ́jọ́ kan náà.

Wọ́n fún èmi àti ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ ajá, nítorí a ti fọwọ́ kan ajá náà. Kò pọ̀, kò dun ni tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà bèèrè ohun tí abẹ́rẹ́ náà wà fún. Mo ní ti ilé ìwé ni. Ilẹ̀ sàréè ìyá rẹ̀ kò tíì gbẹ, mo sì ní ti ilé ìwé ni.

Èmi ni mo kù fún un báyìí. Èmi ni mo ń tú irun rẹ̀ kí aládùúgbò tó bá wa dì í, èmi ni mo ń wá yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́dọ̀ tẹ́lọ̀ mìíràn. Àwọn tó wá kí wa ti sọ fún un pé ibà ló pa ìyá rẹ̀. Ní ibi iṣẹ́, bí máṣíìnì bá lanu tó sì pa á dé, kọ́ọ̀pù á bọ́ sílẹ̀, ọ̀kan bí èkejì, ọ̀kan bí èkejì, mo sì máa ń fẹ́ di etí mi. Mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣe pí-pí mọ́. Kò tún nǹkan kan ṣe.

Tí a bá jẹ ẹran tàbí ẹja, ọmọ náà kì í da eegun nù. Á fọ̀ ọ́, á fi ọ̀rá wé e, á gbé e sójú fèrèsé. Láàárọ̀, bí mo bá fẹ́ jáde, á sá tẹ̀ lé mi.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi fún un. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo fi ránṣẹ́."

"Màá sọ fún un."

"Kó rọra jẹ ẹ́ o. Kó má tún há a lọ́fun."

Mo máa ń gbà á. Bí mo bá ti kọjá ibi tí ojú rẹ̀ lè tó, màá jù ú sínú gọ́tà. Ó ní nígbà ọlidé mo gbọ́dọ̀ mú òun lọ wò ó, pé mo ti ṣèlérí níwájú ìyá òun. Mo jẹ ẹ́ ní ọ̀rọ̀ kan. Láàárọ̀ yìí náà mo gba eegun lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì sọ ọ́.